Lẹ́yìn Yábá, Níbo?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá eléèlùbọ́ àdúgbò wa ní Ìgándò gbé ọ̀rá dúdú kan wá sọ́dọ̀ mi, ó da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì. Káàdì ilé ìwòsàn tí omi ti bà jẹ́ létí. Rìsíìtì mẹ́rin tí wọ́n fi píìnì há pọ̀. Páálí oògùn kan tí wọ́n ti fi àlùmọ́gàjí gé ìdajì rẹ̀ lọ, torí owó ọwọ́ ìyá lọ́jọ́ náà kò ra odidi. Ìgò òróró àdúrà. Àti ìwé pélébé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Ìwé yẹn ló fẹ́ kí n ka. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń kọ́ṣẹ́ fóònù títúnṣe kí ọpọlọ rẹ̀ tó dàrú, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwòsàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje.

Mo kà á fún un. Wọ́n ní kí ọmọ náà padà wá gba abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó máa lo oògùn rẹ̀ lálaalẹ́, kó sì máa gbé níbi tó pa rọ́rọ́, lọ́dọ̀ ẹni tí yóò máa mójú tó o. Ìyá rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ìbejì, ibi tó pa rọ́rọ́ wo ló wà ní Ìgándò?"

Yàrá kan ṣoṣo ni ìyá yìí ní, àwọn mẹ́rin ló ń sùn níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà lẹ́bàá fèrèsé wọn. Aago márùn-ún ìdájí ló ń gba ọjà lọ, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé. Lanlọ́ọ̀dù ti ní kí wọ́n máa wá ibòmíràn, torí ẹ̀rù ń ba àwọn ayálégbé yòókù. Dókítà tó kọ ìwé náà kò ṣàṣìṣe o. Ohun tó yẹ kó kọ náà ló kọ. Ibi tó júwe ni kò sí.

Bí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ tó le bá dé ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìgándò wà, orí bí a ó ṣe gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn ni gbogbo ariwo máa ń wà. Ibi tí yóò máa gbé nígbà tí wọ́n bá ti gba bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì tíì lè dá dúró, ẹnìkan kì í dárúkọ rẹ̀. Àlàfo yẹn ni mo fẹ́ wò káàkiri.

Ohun tó wà níwájú wa kò kéré. Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tó lérò jù ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn 2006 rí i pé àwọn olùgbé rẹ̀ lé ní 1,200,000. Ìjọba ìpínlẹ̀ jiyàn, ó ní wọ́n ju 2,000,000 lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú nǹkan bí 300 ènìyàn, ẹnì kan ní àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia, tí tiwa-n-tiwa ń pè ní wèrè láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ẹ fi ìyẹn pín iye tó kéré jù nínú méjèèjì, ẹ ó rí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn láti Ẹgbẹ́dá dé Ìjẹ̀gùn, iye ọdún 2006 sì nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó ló ń bá wọn yí i.

Níbo ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé wọn lọ? Kì í ṣe ilé ìwòsàn. Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ẹni tó bá bí i kì í fẹ́ kí ayé tètè gbọ́. Ọ̀rọ̀ àsàsí àti èpè ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, àlùfáà tàbí àáfà ni wọ́n á sì gbé aláìsàn tọ̀. Ìkòtún, ní Alímọ̀ṣọ́ yìí kan náà, kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó ń wá ìwòsàn. Nígbà ayé wòlíì T.B. Joshua, tó kú ní oṣù kẹfà 2021, àwọn ènìyàn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti òkè òkun wá sí ìjọ rẹ̀, Synagogue Church of All Nations, àwọn onílé tó lajú sì sọ ilé wọn di ilé àlejò. Ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2014 ni ilé àlejò ìjọ náà fúnra rẹ̀ wó, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá a lọ, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Gúúsù Áfíríkà. Èmi kò fi èyí bá ẹlẹ́sìn kankan jà. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé àdúgbò yìí ti mọ bí a ṣe ń ya yàrá fún àlejò tí ara rẹ̀ kò yá, kí owó sì máa wọlé fún onílé. Màá padà sórí ìyẹn.

Àmọ́ ibi àdúrà mìíràn wà tó jẹ́ pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló ń dúró de aláìsàn. Ní oṣù kọkànlá 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí ibi 28 tí wọ́n bẹ̀ wò ní Nàìjíríà, nínú ti ìjọba àti ti ẹlẹ́sìn àti ti oníṣègùn ìbílẹ̀. Wọ́n bá ènìyàn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so mọ́lẹ̀, àwọn tí wọ́n nà, àwọn tí wọ́n febi pa ní orúkọ ààwẹ̀. Nínú oṣù kan náà ni ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde ní ibi kan ní Ọjọ̀ọ́, n'Íbàdàn. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ẹbí wọn ló fi ọwọ́ ara wọn mú wọn débẹ̀. Ẹ má tètè dá àwọn ẹbí náà lẹ́bi. Ibẹ̀ nìkan ni ẹnìkan ti sọ fún wọn pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn, "ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa," ni ilé ìwòsàn kì í lè sọ fún ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ.

Láyé àtijọ́, ilé oníṣègùn tó ń wo wèrè jẹ́ ibi ìtọ́jú àti ibi ìgbé pa pọ̀. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó wá ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ní ìparí àwọn ọdún 1950, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn wọ̀nyí, ó sì kọ ohun tó rí. Ó rí wọn tí wọ́n ń fún aláìsàn ní egbò asọ́fẹ́yẹjẹ, igi tó ní oògùn kan nínú tí àwọn òyìnbó náà ń fi wo ọpọlọ nígbà yẹn. Ó rí àbà tí wọ́n kàn mọ́ aláìsàn lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ìdí tí a ó fi bo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó tún rí ohun tí ilé ìwòsàn kò ní: ètò ìdágbére. Tí ara aláìsàn bá yá, wọ́n á mú un lọ sí odò, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, omi á gbé aṣọ àìsàn rẹ̀ lọ, ẹbí á sì gbà á padà ní gbangba. Gbogbo ènìyàn á mọ̀ pé ó ti sọdá. Lóde òní, ìwé pélébé tí wọ́n ká sí mẹ́rin ló rọ́pò odò.

Ní Èkó, tí ẹnìkan bá ní "Yaba Left", kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tó ń júwe. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1907 ni wọ́n ṣí ilé náà pẹ̀lú aláìsàn 14, lábẹ́ orúkọ Yaba Lunatic Asylum. Ilé ìhámọ́ ni, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Àwọn òyìnbó kò fẹ́ rí wèrè nígboro, wọ́n sì wá ògiri tí yóò gbé wọn pa mọ́. Ó pẹ́ kí dókítà ọpọlọ tó ṣe iṣẹ́ gidi níbẹ̀. Lónìí, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ni, ó ní ẹ̀ka ní Oṣòdì fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, ó sì ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù orúkọ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn síbẹ̀.

Ibi tí ọkàn mi dúró sí jù ni ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aro, l'Abẹ́òkúta. Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, kàwé dókítà ní Birmingham, ó sì padà wálé. Ní 1954 ó bẹ̀rẹ̀ ohun kan ní Aro tí kò sírú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Dípò kó máa kó aláìsàn sínú wọ́ọ̀dù, ó lọ bá àwọn baálé abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó ní kí wọ́n ya yàrá fún àwọn aláìsàn. Àwọn ará abúlé gbà. Ilé ìwòsàn yá wọn lówó láti fi kún ilé wọn, omi ẹ̀rọ dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pa ẹ̀fọn. Owó ilé ń wọlé fún onílé lóṣooṣù.

Òfin kan ṣoṣo ló le níbẹ̀: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá gbé, ìyá, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀, tí yóò máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀ kó tó padà wá sí abúlé lọ́sàn-án. Ẹ wo bí ọgbọ́n yẹn ṣe jinlẹ̀ tó. Ẹni tó bá aláìsàn gbé l'Aro fún oṣù mélòó kan ti kọ́ bí a ṣe ń fún un ní oògùn, ó ti mọ àmì tí ń yọjú kí àìsàn tó padà, ó ti rí i tó sunkún, tó sì tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé, kì í ṣe aláìsàn nìkan ni wọ́n tọ́jú. Àwọn ará abúlé náà ti rí i pé wèrè kì í bu ènìyàn jẹ. Lámbò sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, èyí tí àwọn dókítà kan bú u fún. Owó tó ń ná lórí aláìsàn abúlé kò tó ti wọ́ọ̀dù. Ó ti pẹ́ tí ìlú Geel ní Bẹ́ljíọ̀mù ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sínú ilé ìdílé, wọ́n sì máa ń fi Aro wé e. Àmọ́ ní Geel, ẹbí àjèjì ló ń gbà á. Ti Lámbò, ẹbí rẹ̀ gan-an ló ń bá a wá.

Kí ló dé tí kò tàn dé Ìkòtún? Èrò tèmi ni pé ìgbé ayé ìlú ńlá ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ní 1954, ẹ̀gbọ́n àgbẹ̀ lè fi oko sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí àbúrò bá a mójú tó o. Lónìí, ẹ̀gbọ́n tó ń wa Màrúwà, tó ń san owó ọkọ̀ lójoojúmọ́, kò lè fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò túmọ̀ sí pé ìfẹ́ kò sí mọ́. Ìyá eléèlùbọ́ kò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún méjì, àmọ́ ọjà ń kú.

Báyìí, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé lẹ́tà kan. Ẹbí gbé aláìsàn dé Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgándò. Bí àìsàn náà bá ga ju ohun tí wọ́n lè mójú tó níbẹ̀, dókítà á kọ lẹ́tà. "Wọ́n ti rẹ́fà wa lọ sí Yábá," bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń wí nìyẹn. Danfó kì í gba ẹni tí ara rẹ̀ ń jà, nítorí náà wọ́n á háyà táksí, ọkùnrin méjì á sì jókòó ti aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì láti Ìkòtún gba Oṣòdì. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀dì lè wà, ó sì lè máà sí. Àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà kò tó 300 fún ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù igba, ọ̀pọ̀ wọn sì ti jápa. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe káàkiri ilẹ̀ yìí ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn fi hàn pé nínú ènìyàn mẹ́wàá tí àìsàn ọpọlọ mú láàárín ọdún kan, ẹni tó rí ìtọ́jú kankan gbà kò tó ẹyọ kan.

Ká tiẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì wà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, oògùn ti mú un balẹ̀, ohùn tó ń gbọ́ ti dákẹ́, kò tíì lè dáná, kò tíì lè ka owó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí oògùn. Bẹ́ẹ̀dì ń dúró de ẹlòmíràn. Ibí ni ọ̀nà pín sí. Àwọn ẹbí kan ti yí fóònù padà. Wọ́n ti kó kúrò ní àdírẹ́sì tí wọ́n kọ. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá á wá di ará ilé ìwòsàn títí. Àwọn mìíràn á mú un lọ sílé, oògùn á tán, oṣù mẹ́fà kò ní pé tí táksí á tún gba Oṣòdì. Àwọn kan á sì bọ́ sígboro. Àgbàlagbà máa ń sọ pé wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣe é wò mọ́. Irọ́ ni, àmọ́ mo mọ ibi tó ti wá: ẹni tó bá dé ọjà ti sọ ilé nù, ilé yẹn sì ni oògùn tó ṣòro jù láti rà.

Fún àwọn tó wà nígboro, ọkọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń kó wọn lọ sí ilé ìtúnṣe ní Májídùn, Ìkòródù, níbi tí wọ́n ti ń gbé wọn pọ̀ mọ́ alágbe àti aláìnílé. Ó sàn ju abẹ́ bíríìjì lọ. Síbẹ̀, iṣẹ́ kíkó ènìyàn kúrò lójú pópó àti iṣẹ́ mímú ènìyàn bọ̀ sípò kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ti aládàáni ńkọ́? Láàárín Ìyànà Ìpàjà sí LASU, pátákó "Rehab" ń pọ̀ sí i, torí ọ̀rọ̀ oògùn olóró. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbé jáde ní 2019 pẹ̀lú UNODC, àjọ àgbáyé lórí oògùn olóró, ní ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Èkó tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró lọ́dún kan. Kò sí ìpínlẹ̀ tó tó o. Igbó, kólórádò, tramadol: ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ọpọlọ wọn gba ibẹ̀ dàrú. Àwọn ilé kan ní nọ́ọ̀sì ọpọlọ, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ gidi. Àwọn mìíràn kò ju ilé tí wọ́n ti géètì rẹ̀ pa, tí ọkùnrin abara líle mélòó kan ń ṣọ́. Owó ló ń pinnu èyí tí ẹbí á rí, ẹnu ọ̀nà méjèèjì sì jọra.

Òfin wà báyìí. Ọjọ́ 5 oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́ ti 1958, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ ti 1916. Òfin tuntun fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́, ó sì ní ìgbìmọ̀ tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́ láti dá ẹnìkan dúró sílé ìwòsàn láìfẹ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ti ní tirẹ̀ ṣáájú. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ òfin tó dáàbò bò mí kí wọ́n má so mí mọ́lẹ̀ kò tíì fún mi ní yàrá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abala 117 nínú òfin ìlera ọpọlọ wọn ti 1983 fi dandan lé e pé kí ilé iṣẹ́ ìlera àti ìjọba ìbílẹ̀ tọ́jú ẹni tí wọ́n fi ipá dá dúró fún ìtọ́jú, tí wọ́n sì ti dá sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ń ti wọ́ọ̀dù bọ́ sínú ilé tí òṣìṣẹ́ wà. Ẹ má sì rò pé ọ̀run nibẹ̀ o: fífi ipá dá aláwọ̀ dúdú dúró níbẹ̀ ju ti aláwọ̀ funfun lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po.

A kò nílò láti lọ jìnnà bẹ́ẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Ní Ìtumbauzo, ìpínlẹ̀ Abíá, Ros Colwill, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dá Amaudo sílẹ̀ ní nǹkan bí 1990. Ojú títì ni wọ́n ti ń mú aláìsàn wá, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́, wọ́n á wá ẹbí rẹ̀ kàn, nọ́ọ̀sì á sì máa bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tó bá délé. Èyí tó wù mí jù ni ti Grégoire Ahongbonon, tí wọ́n bí ní Benin, tó lọ ṣe fọkanáísà ní Bouaké, Côte d'Ivoire. Kì í ṣe dókítà. Ó rí ènìyàn tí wọ́n so mọ́ igi, kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Ẹgbẹ́ Saint Camille tó dá sílẹ̀ ti ní ibi ìgbé àti ibi iṣẹ́ ní Côte d'Ivoire, Benin àti Tógò. Ọ̀kan wà ní Avrankou, nítòsí Pọ́tónófò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ ló ti jẹ́ aláìsàn rí. Ẹni tí wọ́n tú ẹ̀wọ̀n lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gún ẹlòmíràn lábẹ́rẹ́.

Ti Chennai ní Íńdíà ló bá Alímọ̀ṣọ́ mu jù, bí mo ṣe rí i. Àwọn The Banyan, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ń háyà ilé lásán ní àdúgbò lásán, àwọn obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún á jọ máa gbé e bí ẹbí, pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ kan. Kò sí pátákó, kò sí géètì ńlá. Wọ́n ń ra ata ní ọjà kan náà pẹ̀lú aládùúgbò.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Èkó ní òun ń kọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ àti ibi ìtúnṣe ńlá sí Kétu-Ejìnrìn, mo kí wọn, mo sì mí kanlẹ̀. Ìgándò wà ní ìpẹ̀kun Èkó kan, Kétu-Ejìnrìn wà ní èkejì. Ìyá eléèlùbọ́ kò lè máa lọ débẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ síbi tí ẹbí kò lè dé, ẹbí á kọ́ bí a ṣe ń gbé láìsí i. Ìkòtún ní ilé àlejò. Ìdímù àti Ẹgbẹ́dá ní fúláàtì mẹ́ta-mẹ́ta tí àgbà opó ń dá gbé. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ènìyàn márùn-ún, olùrànlọ́wọ́ kan tó ń sùn níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn Ìgándò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìyá á lè gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn ọjà, kó gbé ọbẹ̀ sílẹ̀. Aro nìyẹn, láìní kí ìyá ti ìsọ̀ rẹ̀ pa.

Ẹni tó bá ní àlùfáà àti oníṣègùn kò ní jẹ́ kó ṣeé ṣe, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ n'Íbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà. Àwọn Gúrèjé mú òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé lọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn àti olùgbàdúrà nínú ibi tiwọn gan-an. Aláìsàn 307 ni wọ́n tẹ̀ lé, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2020: ara àwọn tó rí ìtọ́jú alájọṣe yá ju ti àwọn tó kù lọ. Olùgbàdúrà kò kọ oògùn. Ohun tó ń kọ̀ ni kí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú òun.

Ìyá eléèlùbọ́ padà wá sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ kẹta. Ó ti rí ibi tó pa rọ́rọ́. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ náà níṣẹ́ gbà kó máa sùn ní ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn fóònù tó ti kú, lórí fóòmù tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ káńtà. Kò sí jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀ lóru. Ìyá ń gbé oògùn wá fún un kó tó wọlé, ó máa ń dúró títí á fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá á ti ìlẹ̀kùn láti ìta, á mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé di àárọ̀, "nítorí àwọn olè ni o, Bàbá Ìbejì, kì í ṣe nítorí rẹ̀."

Ó tún da ọ̀rá dúdú náà sórí tábìlì. Káàdì tuntun ni wọ́n fún wọn, àyè kan sì wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ti ń béèrè ibi tí aláìsàn ń gbé. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́, àmọ́ kò mọ̀ bóyá ilé òun ni kí n kọ, tàbí ṣọ́ọ̀bù.